Ẹnu Tí Bàbá Ọlánípẹ̀kun Yá ní Kọ́ọ̀tù

Èdè mẹ́ta ni Waheedat Yàkúbù ń sọ, èyí tí wọ́n fi bí i ló sì mọ̀ kéré jù. Sabon Gari ní Zaria ni wọ́n bí i sí, níbi tí bàbá rẹ̀, ọmọ Ìlọrin, ti ta táyà fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kó tó kú. Haúsá ló fi bá àwọn ọmọ àdúgbò ṣeré, òun ló fi ń rajà, òun náà ló fi ń lálàá. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kàwé. Yorùbá ni èdè tí ìyá rẹ̀ fi ń bá a wí. Bí ìyá bá sọ tirẹ̀ tán, Haúsá ni ọmọ máa fi dáhùn, wọ́n á sì gbọ́ ara wọn yé.

Nígbà tó gba dípúlómà nínú ìmọ̀ òfin, ìjọba gbà á sí kọ́ọ̀tù májísíréètì kan gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀. Tafinta ni àwọn ará kọ́ọ̀tù ń pè é. Yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, yóò sọ ohun tí májísíréètì wí fún un ní Haúsá, yóò sì dá èsì rẹ̀ padà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó mọ iṣẹ́ náà ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n máa ń mú Yorùbá kan tí kò gbọ́ Haúsá wá, wọ́n á ní, "Waheedat, èèyàn yín nìyí." Kò sẹ́ni tó bi í rí bóyá Yorùbá rẹ̀ jinlẹ̀ tó. Pé ọmọ Yorùbá ni ti tó wọn.

Nínú oṣù Kejì ọdún 2016, ní ọjọ́ Túsìdé kan, wọ́n mú Bàbá Ọlánípẹ̀kun wá. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, ará Ṣakí, tó ń tún pọ́ǹpù omi ṣe ní àdúgbò Dakace. Kò tíì pé ọdún kan àbọ̀ tó dé Zaria. Ikú ìyàwó rẹ̀ ló jẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ Ọmọ́yẹlé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń ránṣọ níbẹ̀. Ìkíni nìkan ló gbọ́ nínú Haúsá. Ọkùnrin kan ló gbé pọ́ǹpù ńlá kan wá fún un pé kó bá òun tún un ṣe, ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì, kò sì padà wá. Àwọn ọlọ́pàá ló wá. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ládùúgbò ni wọ́n ti jí pọ́ǹpù náà. Ọmọ́yẹlé ti lọ sí Kaduna lọ ra aṣọ lọ́sẹ̀ náà, fóònù bàbá sì wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá. Bó ṣe di pé ó dé iwájú májísíréètì láìsí ẹbí, láìsí lọ́yà nìyẹn.

Ẹjọ́ mẹ́tàlélógún ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Iná ti lọ, ooru mú, májísíréètì sì ń wo aago. Inspẹ́kítọ̀ Sàlíhù, ọlọ́pàá tó ń bá ìjọba pẹjọ́, ka ẹ̀sùn náà jáde: pé bàbá gba ẹrù olè, ó sì mọ̀ pé ẹrù olè ni.

Waheedat yíjú sí i. "Bàbá, wọ́n ní ẹ gba ẹrù olè. Ṣé ẹ jẹ̀bi àbí ẹ ò jẹ̀bi?"

Bàbá di igi iwájú rẹ̀ mú. Ó sọ̀rọ̀ bí àwọn ará Òkè-Ògùn ṣe ń sọ ọ́, kíákíá, ohùn rẹ̀ sì wà nílẹ̀: "Ọmọ mi, bí ẹ̀bi bá wà lọ́rùn mi, kò ju pé mo finú tán èèyàn lọ."

Waheedat gbọ́ ẹ̀bi. Ó gbọ́ ọrùn. Ìyókù wọ́ pọ̀ mọ́ra wọn létí rẹ̀. Kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun finú tán èèyàn rí. Ó rò pé bàbá ń sọ pé nǹkan ti tán, pé ọ̀rọ̀ náà ti sú òun. Ó yẹ kó ní kí bàbá tún un sọ. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, májísíréètì ti jágbe mọ́ ọn lójú gbogbo èèyàn pé ó ń fi àsìkò kọ́ọ̀tù ṣòfò. Ó kọjú síwájú, ó sì sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ọkùnrin náà ní òun jẹ̀bi, pé ọ̀rọ̀ náà ti sú òun.

Májísíréètì kọ ọ́ sílẹ̀. Inspẹ́kítọ̀ Sàlíhù ní níwọ̀n ìgbà tó ti jẹ́wọ́, òun kò ní ẹlẹ́rìí tí òun fẹ́ pè. Wọ́n gbé pọ́ǹpù náà hàn. Ẹ̀wọ̀n oṣù méjìdínlógún, kò sí ààyè owó ìtanràn.

"Kí ni wọ́n wí?" bàbá bi í.

Waheedat sọ fún un.

Bàbá wò ó, ó wo májísíréètì, ó tún padà wò ó. "Lẹ́yìn tí mo ti ṣàlàyé fún yín tán?" Wọ́dà ẹ̀wọ̀n ti di apá rẹ̀ mú. Wọ́n ti ń pe orúkọ ẹlòmíì.

Ọjọ́ Fúráìdé ni Ọmọ́yẹlé dé kọ́ọ̀tù. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, eruku ọ̀nà Dakace ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó bèèrè títí wọ́n fi tọ́ka Waheedat sí i lábẹ́ igi dogonyaro tó wà lẹ́yìn ilé ẹjọ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ̀yin ni wọ́n ní ẹ bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Kí ni bàbá mi sọ gan-an?"

"Ó ní òun jẹ̀bi."

"Àǹtí, bàbá mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Báwo ló ṣe sọ ọ́?"

Ẹ̀bùn kan wà tí Waheedat ní, iṣẹ́ ló sì kọ́ ọ: ohun tó bá ti gbọ́ kì í tètè kúrò létí rẹ̀, ìbáà yé e, ìbáà má yé e. Ó tún ọ̀rọ̀ bàbá náà pè bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́. Kó tó pè é tán ló rí i tí ojú Ọmọ́yẹlé yí padà.

"Ìyẹn kọ́," Ọmọ́yẹlé wí. Kò pariwo. "Ìyẹn kọ́ ló túmọ̀ sí. Ó ń sọ pé òun ò ṣẹ̀. Ó ń sọ pé òun kàn gba ọkùnrin yẹn gbọ́ ni."

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Waheedat lọ sọ́dọ̀ Lọ́yà Adégbénga, àgbà amòfin kan tó ní ọ́fíìsì oníyàrá méjì lókè ilé ìtẹ̀wé kan ní Sabon Gari. Ọkùnrin náà jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì nù ún fún ìgbà pípẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ bá májísíréètì kí n ṣàlàyé fún un," Waheedat wí. "Á yí i padà."

"Kò lè yí i padà. Bó bá ti dájọ́ tán, ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló lè dá sí i."

"Inspẹ́kítọ̀ Sàlíhù ńkọ́?"

"Iṣẹ́ ẹni tó ń pẹjọ́ ni kó pẹjọ́. Májísíréètì náà, ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ ló ń wò, kì í jáde lọ wádìí. Lọ́yà ló yẹ kó dìde pé bàbá yìí ní àlàyé, kò sì ní lọ́yà. Ìwọ lo jẹ́ ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, Waheedat. Ẹnu mìíràn kò sí fún un."

Waheedat ń sunkún. Lọ́yà jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn kó tó sọ èyí tó kù fún un. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin fún wọn láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Òun yóò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé kọ́ọ̀tù ti sọ pé bàbá jẹ́wọ́, ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Waheedat ní láti ṣe ìwé ìbúra, kó fọwọ́ sí i pé òun ṣi ọ̀rọ̀ túmọ̀.

"Wọ́n á lé mi níṣẹ́, sà."

"Ó ṣeé ṣe."

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó."

"Rò ó," Lọ́yà wí. "Ṣùgbọ́n mọ̀ pé ibi tí ò ń rò ó sí yàtọ̀ sí ibi tí bàbá náà wà."

Ó rò ó. Owó oṣù rẹ̀ ló ń bọ́ ilé láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Àbúrò méjì wà nílé ẹ̀kọ́. Ìyá rẹ̀ gbọ́, ó káwọ́ lérí. "Waheedat, ṣé ìwọ lo jí pọ́ǹpù ni? Ta ló máa fún ẹ níṣẹ́ ìjọba mìíràn ní Zaria yìí? Oṣù méjìdínlógún ò pẹ́ lọ títí. Ọlọ́run á kó o yọ." Lójoojúmọ́ ni Waheedat máa ń sọ pé ọ̀la ni òun máa lọ. Ọmọ́yẹlé wá sí kọ́ọ̀tù lẹ́ẹ̀mẹta lásìkò náà. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Waheedat gba ẹ̀yìn yọ.

Ní ọjọ́ kọkànlélógójì ló gun àtẹ̀gùn Lọ́yà Adégbénga, tó sì ní òun ti ṣe tán láti fọwọ́ sí i. Lọ́yà kò bá a wí. Ó kàn sọ fún un pé ní báyìí, àwọn á kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ilé ẹjọ́ gíga nítorí ọjọ́ ti kọjá, kí wọ́n tó lè pe ẹjọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n tọrọ. Wọ́n fún wọn ní ọjọ́ kan, adájọ́ rìnrìn àjò. Wọ́n fún wọn ní òmíràn, ìsinmi kọ́ọ̀tù dé. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n fún wọn bọ́ sí ìparí oṣù Kẹsàn-án.

Bàbá Ọlánípẹ̀kun kú lẹ́wọ̀n ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹjọ. Wọ́n ní ibà ni, pé ìgbẹ́ gbuuru tẹ̀lé e, pé kí wọ́n tó rí ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó ti dákẹ́. Nígbà tí ọjọ́ ẹjọ́ pé, Lọ́yà Adégbénga wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó dìde, ó sì sọ fún adájọ́ pé ẹni tí òun dúró fún ti kú. Adájọ́ ní òun bá wọn kẹ́dùn. Ó fagi lé ẹjọ́ náà, nítorí òkú kì í pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìdájọ́ májísíréètì sì wà níbi tó wà.

Ìwé ìbúra Waheedat ti dé ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá rẹ̀ kó tó di ìgbà náà. Wọ́n kọ̀wé bi í léèrè, wọ́n mú un kúrò nídìí ògbufọ̀, wọ́n fi í sí yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Kò sẹ́ni tó lé e. Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, láàárín òórùn ìwé àtijọ́ àti ìgbẹ́ eku, kó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ kàwé láti di lọ́yà. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Ìyá rẹ̀ bi í ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Dípúlómà rẹ̀ ló fi wọlé sí ọdún kejì ní yunifásítì. Ní ọgbà Kongo, ní Zaria níbẹ̀, ni wọ́n ti ń kọ́ òfin. Ní ọ̀sán, ó máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ wọn lórí kọ̀ǹpútà nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Samaru, kó lè rí owó kékè àti ti ìwé. Lọ́jọ́ kan ní ọdún kẹta, olùkọ́ kan ń kọ́ wọn nípa bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ṣe ń dáhùn ní kọ́ọ̀tù. Ó ní bí ẹnì kan bá sọ pé òun jẹ̀bi, tó wá fi àlàyé kan kún un tó fi hàn pé kò mọ̀ pé ohun tó ṣe burú, májísíréètì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò jẹ̀bi, kí wọ́n sì gbọ́ ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Waheedat dáwọ́ dúró.

Ó wá yé e pé bí òun bá tilẹ̀ ṣi ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bàbá náà gbọ́, tí òun sì bèèrè ìparí rẹ̀, tí òun gbé e kalẹ̀ níwájú kọ́ọ̀tù, ìyẹn nìkan ì bá gbà á là. Ó dìde, ó jáde lọ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló sì bá a kó ìwé rẹ̀ jáde nígbà tí kíláàsì parí.

Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ gùn, àrùn kòrónà dé, ìyanṣẹ́lódì mìíràn tún dé. Ó parí yunifásítì, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn amòfin ní Bagauda lẹ́bàá Kano, ó yege. Lọ́dún 2024, ní Abuja, ó wọ wíìgì àti aṣọ dúdú láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n fi ọdún mẹ́wàá kéré sí i. Ìyá rẹ̀ sunkún ayọ̀, ó ń ki bàbá Waheedat tó ti kú. Waheedat rẹ́rìn-ín fún fọ́tò.

Ọ̀dọ̀ Lọ́yà Adégbénga ló padà sí. Àwọn tí kò lè sanwó ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń dúró fún. Nínú ọdún náà gan-an, ó pàdé Inspẹ́kítọ̀ Sàlíhù ní ọgbà kọ́ọ̀tù. Ọkùnrin náà ti ga sí i lẹ́nu iṣẹ́, irun rẹ̀ ti funfun.

"Kai, Tafinta! Wọ́n ní o ti di lauya. Barka!" Inú rẹ̀ dùn lóòótọ́.

Waheedat fi Haúsá bi í bóyá ó rántí bàbá Yorùbá kan, ẹjọ́ pọ́ǹpù omi, ní ọdún 2016.

Ó ronú. Ó gbìyànjú gan-an. "Wallahi, mi ò rántí. Ẹjọ́ pọ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i?"

"Ó kú."

"Allah ya jiƙansa," Sàlíhù gbàdúrà fún òkú náà, ó sì dúró díẹ̀ fún ọ̀wọ̀ kó tó máa lọ. Kò sí ìkà kankan lójú rẹ̀. Èyí ló wá dun Waheedat jù. Ó ti ń wá ọ̀daràn kan nínú ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ pípẹ́, yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀, kò sì rí i. Ọlọ́pàá ka ẹ̀sùn, májísíréètì kọ ọ́ sílẹ̀, onífáìlì to fáìlì. Oníkálùkù ló jókòó sí ààyè tirẹ̀.

Ọmọ́yẹlé wá sí ọ́fíìsì wọn ní oṣù Karùn-ún ọdún tó tẹ̀lé e. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá rẹ̀, kò tíì bá Waheedat sọ ju ìkíni lọ. Ó ti sanra díẹ̀, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tirẹ̀. Ó jókòó, kò gba omi tí wọ́n gbé fún un.

"Àǹtí, wọ́n ní ẹ ti di lọ́yà. Mo wá bá yín nítorí ìwé kan."

Ó ní ọkùnrin kan fẹ́ fẹ́ òun, Othniel lorúkọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Shika. Àwọn ẹbí rẹ̀ ṣèwádìí, wọ́n sì gbọ́ pé ẹ̀wọ̀n ni bàbá ìyàwó kú sí, lórí ẹrù olè. Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé irọ́ ni, kí òun mú ìwé kọ́ọ̀tù tó dá a láre wá. "Ìwé yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbà. Màá sanwó."

Waheedat ti fi ọdún mélòó kan kọ́ òfin, èsì náà sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí Ọmọ́yẹlé tó parí ọ̀rọ̀. "Kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ò gbọ́ ẹjọ́ kejì yẹn rárá. Ìdájọ́ tàkọ́kọ́ ló ṣì dúró."

"Títí ayé?"

"Mi ò mọ ọ̀nà tí mo lè gbà yí i padà báyìí."

Ọmọ́yẹlé mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ti mọ̀ kó tó wá.

"Jẹ́ kí n tẹ̀ lé ọ lọ bá wọn," Waheedat wí. "Màá fẹnu ara mi sọ fún wọn pé bàbá kò jẹ̀bi, pé èmi ni mo ṣì í."

"Ẹnu yín náà ló kọ́kọ́ sọ pé ó jẹ̀bi, àǹtí."

Ọmọ́yẹlé dìde, ó ní, "Ọjọ́ Sátidé ni. Aago mẹ́wàá."

Wọ́n jọ lọ. Bàbá Othniel, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì kan, gbà wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ nínú pálọ̀ rẹ̀. Waheedat sọ gbogbo rẹ̀: ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ, èyí tí òun sọ, àti ọjọ́ mọ́kànlélógójì tí òun fi bẹ̀rù. Èyí tó kẹ́yìn yìí, kò sọ ọ́ lójú Ọmọ́yẹlé rí. Nínú ìwé ìbúra rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ṣì túmọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ọmọ́yẹlé ti rò pé lọ́yà ló fi ẹjọ́ náà falẹ̀. Kò gbé ojú sókè, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tó ń yí etí ìborùn rẹ̀ dúró.

"Mo gbọ́ yín, lọ́yà," Bàbá Othniel wí. "Mi ò pè yín ní òpùrọ́. Ó gba ọkàn kí èèyàn tó lè jókòó sọ irú èyí. Ṣùgbọ́n ẹbí wa pọ̀, wọn ò sí níbí láti gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ìwé ni wọ́n máa bi mí."

Kékè kan náà ni àwọn méjèèjì wọ̀ padà. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí Ọmọ́yẹlé ti máa sọ̀, ó yíjú sí Waheedat.

"Ọjọ́ mọ́kànlélógójì," ó wí.

"Mo bẹ̀ ọ́."

"Mo wá bá yín lẹ́ẹ̀mẹta ní kọ́ọ̀tù. Wọ́n ní ẹ ò sí níbẹ̀." Ó san owó tirẹ̀ fún ọlọ́kékè. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tẹ̀ lé mi lọ." Ó sì bọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, Othniel kọ̀wé sí Ọmọ́yẹlé lórí fóònù pé òun kò lè bá ẹbí òun jà. Ní oṣù Keje, Ọmọ́yẹlé ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó sì padà sí Ṣakí. Ẹnu aládùúgbò rẹ̀ ni Waheedat ti gbọ́ ọ, nígbà tó lọ kí i ní Dakace tó sì bá ilẹ̀kùn ní títì.

Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ẹjọ́ méjì ló wà lọ́wọ́ Waheedat. Àkọ́kọ́ kò lọ síwájú nítorí pé májísíréètì kò wá. Èkejì ni wọ́n sún sí oṣù Kẹwàá, wọ́n sì dá ẹni tó dúró fún padà sí ẹ̀wọ̀n láti lọ dúró de ọjọ́ náà.